Ojú Ìwé Mẹ́ta Tí Wọ́n Yọ Nínú Ìròyìn Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́

Wọ́n yọ ojú ìwé mẹ́ta kúrò nínú ìròyìn tí mo fọwọ́ sí, wọ́n fi irọ́ dí àyè wọn, obìnrin kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni sì ti ibẹ̀ di amúkùn-ún.

Mo fi gbólóhùn yìí ṣáájú nítorí pé mo ti dàgbà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn iṣẹ́ mi dé ìdajì kó tó mọ ohun tó ń dùn mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kò lórúkọ nílé wa. Bàbá mi ń hun aṣọ òfì lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Bí àwọn ènìyàn bá bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ tó lọ sí yunifásítì ń ṣe, á ní mò ń bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan wò ó bóyá ohun tí wọ́n fún wa wúlò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ta ló ń fúnni lẹ́bùn tó tún ń rán ènìyàn tọ ẹ̀bùn náà lẹ́yìn? Wọn kò jẹ̀bi. Láàárín tiwa, ẹni tó fúnni láṣọ kì í padà wá béèrè bóyá a ń wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ìjọba yẹn ń ri ẹ̀rọ omi mọ́lẹ̀ ní àwọn abúlé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà sókè-sódò, kí sòbìà lè kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ sòbìà, ẹ máa dúpẹ́. Aràn gígùn ni. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni í ti wọ ara ènìyàn, á lò tó ọdún kan nínú lọ́hùn-ún láìfọhùn, lẹ́yìn náà á wá gba ẹsẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oró tí í mú àgbàlagbà sunkún. Ọ́fíìsì wa wà ní àdúgbò Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, yàrá mẹ́rin ní òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n gbà mí síbẹ̀ nítorí pé mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ti owó oṣù kò ní ìtàn, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó tó jẹun.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ. Ọ̀gbẹ́ni Làsísì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo bíi tèmi. Wolé-wolé ni tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ìyá wa máa ń tìtorí wọn da omi ìkòkò nù kí wọ́n tó wọlé. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga. Mo rò pé èmi tí mo gboyè ni màá máa kọ́ ọ. Ìrònú yẹn kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ó kọ́kọ́ mú mi lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti pín ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin. A wọ ilé àkọ́kọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí ojúde yàrá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, obìnrin náà ní òun ń rán nǹkan lójoojúmọ́. Ọ̀gbẹ́ni Làsísì kí i dáadáa, ó mu omi, a jáde. Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa ni. Ó mi orí. Ó ní kí n padà lọ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Mo padà, mo díbọ́n bí ẹni tó gbàgbé gèlè. Ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sí ẹyọ òwú kan níbẹ̀. Ní ilé kejì, ẹ̀rọ náà dọ̀tí, òróró ti ta sí i lára, ṣùgbọ́n àjákù òwú pupa, òwú àyìnrín, òwú oríṣiríṣi ló wà nínú erùpẹ̀ ilẹ̀. Ó kàn ń wò mí. Ẹnu yà mí, torí pé mo ti lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ilẹ̀ máa ń dáhùn ìbéèrè.

Ó le. Bí mo bá kọ "ó dà bíi pé" sínú ìwé, á pa á rẹ́. Bí mo bá kọ ohun tí mo gbọ́ ṣáájú ohun tí mo rí, á ní kí n tún un kọ. Ohunkóhun tí a bá sì tẹ̀ lórí táípù, dandan ni kí a fi kábọ̀n sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo bi í léèrè nígbà kan ìdí tó fi ń ṣe wàhálà kábọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwé tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ ti di ọmọ ọlọ́mọ." Èmi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ ni mo ti rí ohun tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mọ́. Abúlé olóko kòkó àti obì ni, lẹ́yìn Iléṣà. Wọ́n ti ri ẹ̀rọ omi síbẹ̀, níwájú ilé Lọ́jà, baálé abúlé náà. Ibi iyì ni. Ọ̀gbẹ́ni Làsísì ní kí n dá lọ, kí n lọ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà dára. Mo lọ, mo béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, mo padà dé pẹ̀lú ìwé tó kún.

Ó bi mí léèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo ní wọ́n ní ó dára.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà. Wọ́n tún ní kí n bá wọn dúpẹ́ púpọ̀."

Ó pa ìwé náà dé, ó tì í padà sí mi. "Ràbíátù, ìkíni lo kọ wá. O ò tíì kọ ìdáhùn."

Mo bínú. Ó jẹ́ kí n bínú tán. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé bí àna mi bá gbọ́únjẹ fún mi, tó sì bi mí bóyá ó dùn, kí ni màá sọ? Ó ní ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan ní ilẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ náà, ní ọjọ́ kejì, àti nígbàkigbà tó bá tún rí ẹni tó fún un. Ó ní kí n má béèrè ohun tí "a dúpẹ́" lè dáhùn láéláé.

Àwa méjèèjì jọ padà lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó wo sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ náà, ewédò ti hù sí i, ewédò tútù tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé kan, ó kí àwọn obìnrin ibẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìkòkò omi tó ṣófo, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹrẹ̀ dúdú ti gbẹ mọ́ ọn. Erùpẹ̀ tó yí ẹ̀rọ ká pupa bí osùn. Ọ̀gọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀ abúlé nìkan ló ní ẹrẹ̀ dúdú.

Ó ní, "Ìdí ìkòkò kì í kíni." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí i. Èmi dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n la ojú rẹ̀.

Ó wá ní òun ti dé ibi tí ọkùnrin lè dé, pé èyí tó kù di tèmi. Mo tẹ̀ lé àwọn obìnrin lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀kan nínú wọn ni Àṣàkẹ́, ìyàwó tuntun tí kò tíì pé ọdún méjì nílé ọkọ, ẹlẹ́nu ṣáṣá, arẹwà. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí bí àwa ará Òṣogbo ṣe máa ń sọ ọ́, torí ẹnu mi kò gba Ìjẹ̀ṣà. Ìgbà tí mo gbìyànjú láti pe ilé ní "ulé" bíi tiwọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbí nígbà tí omi tó mọ́ wà lókè. Wọ́n ń wo ara wọn. Àṣàkẹ́ ló dáhùn. "Mádáàmù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ bá mi gbé ìkòkò kan láti ìdí ẹ̀rọ yẹn dé ilé wa. Tẹ́ ẹ bá dé, màá dá yín lóhùn."

Mo gbà. Ó wé aṣọ rẹ̀ mọ́ mi lórí, ó ṣe òṣùká fún mi. Mo fa omi, mo gbé e rù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn àgbààgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lọ́jà bí wọ́n ṣe máa ń jókòó láti àárọ̀. Obìnrin ilé kankan kò lè kọjá níwájú wọn láìkúnlẹ̀, kò sì sí ẹni tí í kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Bàbá àkọ́kọ́ kí mi, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé wa. Mo tún gbé e, mo rìn díẹ̀, bàbá kejì dé láti oko, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kí n bá òun mú iná wá fún tábà òun. Mo lọ mú un. Bàbá kẹta rán mi lọ wo ewúrẹ́ òun lẹ́yìn ilé. Bàbá kẹrin, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ní, "Ìwọ ìyàwó yìí, ìgbà wo lo fẹ́ fún wa lọ́mọ?" Mo ní láìpẹ́, sà. Kí ni mo tún lè sọ?

Nígbà tí mo dé ilé Àṣàkẹ́, aṣọ mi ti tutù dé ìbàdí, omi ìkòkò ti di ìdajì, oòrùn sì ti gòkè. Àwọn tó lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ ti dé, wọ́n ti dáná, wọ́n ti ń jẹun.

Àṣàkẹ́ gba ìkòkò lórí mi. "Ó dára, àbí kò dára?"

Mo ní, "Ó dára. A dúpẹ́." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ omi wò, wọ́n gbé irin la òkun kọjá, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé orúnkún ìyàwó ni yóò pinnu bóyá omi náà á di mímu. Ọmọbìnrin tí kò mọ ìwé ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo obìnrin abúlé mọ̀ ọ́n. Wọn kò sọ ọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó lè mú un jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Làsísì àti èmi kọ ìròyìn wa. Ojú ìwé mẹ́ta ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan: ibi tí wọ́n ri ẹ̀rọ sí, ìdí tí àwọn obìnrin fi ń yẹra fún un, ìkìlọ̀ pé sòbìà kò ní lọ, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tún ri òmíràn síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbààgbà ní abúlé kankan. Mo fọwọ́ sí i. Òun náà fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ọ́fíìsì wa, ọmọ Yorùbá tó kàwé jù mí lọ, kà á lójú mi, ó sì ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùyẹ̀wò àgbà fẹ́ ti òkè òkun wá. Ọ́fíìsì ránṣẹ́ sí Lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Aṣìṣe wa nìyẹn, torí ta ló ń sọ fún Ìjẹ̀ṣà pé àlejò ń bọ̀ tí kò ní tún ilé ṣe? Nígbà tí a dé, wọ́n ti ha ewédò kúrò lára sìmẹ́ńtì, àwọn obìnrin tò lọ bẹẹrẹ pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fọ ìdí rẹ̀, àwọn àgbààgbà sì dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ náà kí ọ̀nà lè ṣí. Wọ́n ní kí n máa ka iye ẹni tó ń fa omi. Mò ń kà. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Làsísì súnmọ́ wọn láti sọ̀rọ̀, ọ̀gá wa fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó mú un kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wá kọjú sí mi, obìnrin onírun funfun tí ojú rẹ̀ ń wá òtítọ́. Ó bi mí bóyá bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí. Mo wo ọ̀gá wa. Mo wo Lọ́jà tó wọ aṣọ àlà, tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò rẹ̀. Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ pé, "Wọ́n mọrírì rẹ̀ gan-an ni, mà."

Nínú gbogbo àìdára tí mò ń kà síbí, èyí ni tèmi, n kò sì yọ ọ́ kúrò. Ní ọ̀nà Òṣogbo, Ọ̀gbẹ́ni Làsísì kò bá mi wí. Ó kàn ní, "O kí wọn dáadáa lónìí."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti yí irinṣẹ́ wa padà. Ìwé tí à ń kọ ọ̀rọ̀ sí ti di káàdì líle tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun kí kọ̀ǹpútà kan bá wọn kà á. Ohun ìyanu ni, n kò ní purọ́. Odindi abúlé wọ inú àpótí bàtà kan. Ọ̀gbẹ́ni Làsísì mú káàdì kan, ó gbé e sókè síwájú fèrèsé, oòrùn gba àwọn ihò náà wọlé sí i lójú. Ó ní, "Ibo ni ìdí ìkòkò wà níbí?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ó ti dàgbà jù fún káàdì, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà ọpẹ́ fún un.

Èmi nìkan ló wá gbé káàdì dé Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. N kò rí Àṣàkẹ́ lọ́nà ọ̀gọ̀dọ̀. Wọ́n mú mi wọlé, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Sòbìà ti gba orúnkún rẹ̀, oríkèé náà ti wú, ó ti ká, kò ṣeé nà mọ́. Àwọn mẹ́ta mìíràn wà nílẹ̀ nínú agboolé yẹn, nígbà tí kòkó tó yẹ kí wọ́n ká ń bẹ lórí igi.

Ó wò mí. Kò ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu mọ́. "Mádáàmù, ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, ṣé wọ́n kà á?"

Mo ní màá lọ wò ó.

Mo dé ọ́fíìsì, mo yọ ìròyìn náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Làsísì wà níbẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta wa kò sí níbẹ̀. Ojú ìwé kan ló wà ní àyè wọn, lẹ́tà táípù rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu, ó ní inú gbogbo ará abúlé dùn, ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kan ọ̀gọ̀dọ̀ mọ́, àti pé ibi tí wọ́n ri ẹ̀rọ náà sí dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n ri ti àwọn abúlé yòókù sí irú ibẹ̀. Wọ́n sì ti ń ri wọ́n. Níwájú ilé Lọ́jà, ní abúlé lẹ́yìn abúlé. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo tún kọ ọ́. Mo ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo gbà ni pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àníyàn mi.

Mo lọ bá Lọ́jà fúnra mi, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun rò pé àwọn ìyàwó kò fẹ́ràn ìtọ́wò omi náà ni. Ó fẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n má kúnlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa gbọ́ àṣẹ bẹ́ẹ̀, tí wọn ò ní sọ pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ? Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà tọ Àṣàkẹ́ lọ lórí ẹní rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí a ò bá rí, a kì í kúnlẹ̀ fún un."

Ọjọ́ kan péré ló gbà wọ́n. Wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ṣe ọgbà gíga láàárín ẹ̀rọ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì la ọ̀nà tóóró gba inú oko kòkó lọ sẹ́yìn àwọn ilé. Àwọn àgbààgbà jókòó síbi tí wọ́n ti ń jókòó. Àwọn ìyàwó ń fa omi, a ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, a ò rí wọn. Mo mú Ọ̀gbẹ́ni Làsísì wá wò ó. Arúgbó náà fọwọ́ tọ́ imọ̀ ọ̀pẹ náà, ó ní "Súbúhánálááì" lẹ́ẹ̀mejì, omi sì lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn ọdún kan sí i, mo wá, n kò rí ẹsẹ̀ tí wọ́n dì ní abúlé náà. Mo ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ìjọba ńláńlá títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò rí èyí tó tó imọ̀ ọ̀pẹ yẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí nínú káàdì kankan. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn abúlé yòókù.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Ó níyì, ó sì máa ń yani lẹ́nu. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ fi kábọ̀n sí abẹ́ ìwé yín.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà láyé nínú àwọn tó ní àṣẹ lórí ọ́fíìsì yẹn, àti ẹ̀yin ìjọba tí ẹ gba ìròyìn náà tí ẹ fi yin ara yín: ẹ̀dà ojú ìwé mẹ́ta náà wà lọ́wọ́ mi, ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ta ló yọ wọ́n? Ta ló tẹ èyí tí ẹ fi dípò wọn, sábẹ́ orúkọ mi àti orúkọ ọkùnrin tó ti kú báyìí? Abúlé mélòó ni ẹ ri ẹ̀rọ sí níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí a ti kìlọ̀ fún yín? Àṣàkẹ́ ṣì wà ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí i, ó ṣì ń bi mí bóyá wọ́n kà á, n kò sì tíì rí nǹkan sọ fún un.

Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìkíni ti tó. Ìdáhùn ni mo fẹ́ gbé lọ fún un.